Oúnjẹ Ẹyẹ, Ọgbọ́n Ènìyàn: Òpó Oúnjẹ Ẹyẹlé kan Lẹ́yìn Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tọ́jú oúnjẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni. Eku, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ìkún kì í tọrọ gáfárà kí wọ́n tó wọlé. Àyè ni wọ́n ń wá. Ohun tí àròkọ yìí dá lé lórí ni bí olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe di àyè náà pa, kí ó má baà di dandan fún un láti kó ohun ọ̀sìn tí ó fẹ́ràn jù lọ kúrò nílé.

Iwájú ààfin Déjì ni Ọjà Ọba wà, ní àárín gbùngbùn Àkúrẹ́. Ọjà náà ti ń ná tipẹ́tipẹ́ kí ìlú náà tó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ọdún 1976. Àgbàdo, ẹ̀wà, gààrí, èlùbọ́, ẹ̀pà àti ọkà bàbà ń bẹ níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń wọn ọjà ní kóńgò kóńgò, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀díẹ̀ ń ta sílẹ̀. Èyí tí ó bá ta sílẹ̀ ní ọ̀sán, ẹyẹ a ṣà á jẹ. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù di alẹ́, ti eku ni. Ètò yìí ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ohun bàbàrà.

Nínú agboolé kan lẹ́yìn ọjà yìí ni ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà ń gbé. Òǹdó ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí, èyí tí ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé wọn, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti papò dà, ẹyẹlé méjìlá ni ó kù tí wọ́n ń bá a gbé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ra méjì àkọ́kọ́ nínú wọn. Ní òwúrọ̀, bí ó bá ti gbọ́ ohùn wọn lórí òrùlé, yóò bu àgbàdo àti ọkà bàbà, yóò fọ́n ọn sí àgbàlá, yóò sì jókòó tì wọ́n títí oòrùn yóò fi mú.

Kò yẹ kí ìfẹ́ yìí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Orúkọ ẹyẹ yìí gan-an, ẹyẹ ilé, fi hàn pé ọmọ ilé ni Yorùbá kà á sí. Bí a bá ń wúre, a máa ń sọ pé tọ̀tún tòsì ni ẹyẹlé fi ń kó ire wọlé. A sì tún máa ń sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Fún ẹni tí ó ń dá gbé, òwe yẹn ju òwe lásán lọ.

Àmọ́ oúnjẹ tí a fọ́n sílẹ̀ kì í mọ ẹni tí a fọ́n ọn fún. Àdàbà wá, ológoṣẹ́ wá, ẹ̀gà náà kò gbẹ́yìn. Bàbá Tíṣà kò bínú sí ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń lé ẹyẹ, tí ó ń kó ẹ̀pà àti àgbàdo lọ. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìgbẹ́ eku ní ẹsẹ̀ ògiri ní àràárọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, eku inú ilé kì í ṣe ohun àfojúfò. Ibà Lassa, tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 láti ara aláìsàn kan tí ó wá láti ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ti ń ṣọṣẹ́ lọ́dọọdún ní ìpínlẹ̀ yìí, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́. Ní ọdún 2020, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà ní Nàìjíríà lé ní 1,000, Òǹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kàn jù. Irú eku kan ni ó ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ni ó sábà máa ń kó o ran ènìyàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ jù. Ẹyẹlé kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹyẹlé lè pe eku wá.

Ìyá kan tí ó ń ta gààrí, tí yàrá ìkẹ́rùsí rẹ̀ kọjú sí àgbàlá náà, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹyẹ yín kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àwọn ọmọ ènìyàn ni mò ń tà. Bí eku bá ti ọ̀dọ̀ yín bọ́ sínú gààrí mi, kí ni mo fẹ́ wí?" Bàbá Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì náà wá kí i ní ọjọ́ kejì, ó wo ẹsẹ̀ ògiri, ó ní, "Bàbá mi, mo mọ ohun tí ẹyẹ wọ̀nyí jẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí eku ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí á wá nǹkan ṣe sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí á kó wọn lọ." Ìpàdé agboolé fún un ní oṣù kan.

Oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ni àwọn ènìyàn dá. Àwọn kan ní kí ó ra òògùn eku lọ́jà. Èyí kò bọ́ sí i, nítorí òògùn tí ó ń pa eku lè pa ẹyẹ, adìyẹ àti ọmọ tí ó ń rá. Lóòótọ́ ni pé ohun tí ó dùn ní í pa ìkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkún nìkan ni ó ń pa. Àwọn mìíràn ní kí ó sin ológbò. Ológbò kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin eku àti ẹyẹlé; ẹran ni ẹran ń jẹ́ lójú rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ sínú ike, ó sì so ó kọ́ sí ara ògiri. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi eyín gé ike náà láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Ó ri òpó igi mọ́lẹ̀, ó fi gírísì pa á. Ekuru gba gírísì náà, ó gbẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ sì gun òpó lọ sókè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Gírísì tilẹ̀ léwu fún ẹyẹ, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ wọn, kò ní jẹ́ kí wọ́n fò dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ohun tí olùkọ́ máa ń ṣe. Ó mú ìwé àti bírò, ó jókòó sí ojú fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń kọ ẹni tí ó wá, àkókò tí ó wá àti ibi tí ó gbà wá. Ìwé yẹn ni ó tú àṣírí náà. Olè méjì ni ó ń bá jà, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀. Ojúmọmọ ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń jalè bí ẹyẹ náà ṣe ń jẹun ní ojúmọmọ; ẹ̀bùn rẹ̀ ni gígùn àti fífò. Òru ni eku ń jáde, nígbà tí ẹyẹ ti sùn. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ni sùúrù àti ihò kékeré. Nítorí náà, ibi tí oúnjẹ wà ni yóò fi ṣẹ́gun ọ̀kẹ́rẹ́, àkókò tí oúnjẹ wà níta ni yóò sì fi ṣẹ́gun eku.

Ọjà Ọba àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó yí i ká ni ó ti kó ohun èlò jọ. Ó ra páìpù irin tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ààbọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ sì ṣẹ́ kù lókè. Ó wọn ilẹ̀ dáadáa kí ó tó rì í: ó rí i dájú pé ó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ògiri, sí igi máńgòrò àti sí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Àwọn ẹ̀ka máńgòrò tí ó nà ju ibẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n gé wọn. Òpó tí ó bá sún mọ́ ẹ̀ka, iṣẹ́ àṣedànù ni, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ kò nílò láti gun ohun tí ó lè fò bọ́ sí.

Orí páànù ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé. Ó mú páànù òrùlé àtijọ́ tí kò ní ìpẹtà, ó gé e ní róbótó, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀. Ó gé e láti etí dé àárín, ó lu ihò tí páìpù lè gbà kọjá, ó fa etí kan gun orí èkejì títí ó fi dà bí akẹtẹ̀, wẹ́dà sì bá a kàn án pọ̀. Wọ́n tẹ etí rẹ̀ wọ abẹ́ kí ó má baà ya ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Wọ́n lu ihò sí ara páìpù ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ilẹ̀, wọ́n ti bóòtù gígùn kan bọ̀ ọ́, akẹtẹ̀ náà sì jókòó lórí bóòtù yìí láìlẹ̀ mọ́ páìpù. Bí nǹkan bá kàn án, ó ń mì. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó bá gun páìpù dé abẹ́ rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ó bá sì nawọ́ mú etí rẹ̀, páànù yóò yọ̀, yóò sì mì.

Lórí páìpù ni wọ́n jó tíréè irin kan mọ́, tí etí rẹ̀ ga díẹ̀ kí hóró má baà dà sílẹ̀. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí omi òjò lè jò lọ, nítorí àgbàdo tí ó bá bu, májèlé ni fún ẹyẹ. Agolo mílíìkì ńlá onídérí ni ó gbé sí àárín tíréè. Ó lu ihò tí ó tó ìka ọwọ́ yí ìsàlẹ̀ agolo náà ká. Bí ẹyẹ bá ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń yọ́ jáde.

Ìwọ̀n oúnjẹ ni ó kàn. Ẹyẹlé kan kì í jẹ ju nǹkan bí 30 gíráàmù lọ lójúmọ́. Méjìlá kò lè jẹ tó ìdajì kìlógíráàmù, bẹ́ẹ̀ kóńgò kan gbáko ni Bàbá Tíṣà ti ń fọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Eku ni ó ń jẹ ìyókù. Ó dín in kù sí ohun tí yóò tán kí oòrùn tó wọ̀. Bí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé agolo náà wọlé sínú garawa irin onídérí, ó ń gbá abẹ́ òpó, ó sì ń bomi rin ilẹ̀ kí ó tó gbá ìgbẹ́ ẹyẹ kí ekuru rẹ̀ má baà wọ imú.

Ó tún fi ohun kan kún un. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2001, pé ata kì í ta ẹyẹ bí ó ṣe ń ta eku àti àwọn ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú. Àgbẹ̀ Yorùbá ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú: ata wẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sí ẹni tí ó gbìn ín máa ń hù lẹ́yìn ilé, nítorí ẹyẹ ni ó jẹ ẹ́, tí ó sì yàgbẹ́ èso rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Tíṣà ń po ata gígún díẹ̀ mọ́ ọkà bàbà, kì í sì í ṣe é ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, kí ó má baà ta sí ojú ènìyàn.

Kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan ni ìjà yìí wà. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ẹyẹ nígbà òtútù, ọ̀kẹ́rẹ́ ni ọ̀tá wọn. Wọ́n mú ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú láti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, láti ìgbà náà ni ó ti gbalẹ̀ kan. Akẹtẹ̀ irin lára òpó ni àwọn náà fi ń dá a dúró. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ ọgbọ́n kan náà: páànù ni wọ́n ń yí mọ́ ẹsẹ̀ abà àgbàdo kí eku má baà gùn ún.

Yorùbá ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ní àgbàlá yìí, ojú ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó dá. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń gun páìpù, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó gba èso máńgòrò rẹ̀ ní ìpín. Eku kò tán lẹ́yìn Ọjà Ọba, nítorí òpó kan kò lè wẹ ọjà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kan pé, tí àwọn ará ilé wá yẹ ẹsẹ̀ ògiri wò, wọn kò bá ìgbẹ́ eku níbẹ̀ mọ́. Ẹyẹlé méjèèjìlá dúró. Ìyá onígààrí ni ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Bàbá, ta ni ó bá yín gé páànù yẹn?" Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, akẹtẹ̀ mẹ́rin ti wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹpẹ tí ó ń to àpò gààrí rẹ̀ sí.

Àwọn olùkọ́ ọ̀la tí ń bẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lè rí ẹ̀kọ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òwe, orúkọ ẹyẹ, ìṣirò, ìmọ́tótó àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó pàdé lára òpó kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ. Ohun tí ó gba ẹyẹ Bàbá Tíṣà sílẹ̀ ni pé ó fi ọjọ́ mẹ́rin wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó mú irinṣẹ́ dání. Ó sì gbà pé ẹ̀tọ́ aládùúgbò sí oúnjẹ tí ó mọ́ tóbi tó ìfẹ́ òun sí ẹyẹ.