Ní Ọjà Ládípọ̀, Nọ́ńbà Ni Wọ́n Fi Ń Ra Bẹ́árìn

Bí ẹ bá wọ dáńfó ní Òṣòdì tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Àpápá, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Toyota, kò ní í pẹ́ kí òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó pàdé yín. Ọjà Ládípọ̀ nìyẹn, ní agbègbè Muṣin. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó fi ń jẹ orúkọ. Ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ bí itan ẹran ní ìsọ̀ alápatà, ẹ ó rí ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n tò ti ara wọn bí ìwé, ilẹ̀ yóò sì dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nítorí ọ́ìlì tí ó ti ń dà sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Púpọ̀ nínú ọjà wọn ni ó jẹ́ tòkúnbọ̀. Àwọn ará wa Igbo ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń tajà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá já gaara lẹ́nu wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ owe pa ju àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọlọ́kọ̀ nìkan ni ọjà yìí wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ń lọ ata, káfíńtà tí ó gbé ayùn oníná sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ, gbogbo wọn ni ọ̀nà wọn ń já sí ìsọ̀ àwọn oníbẹ́árìn. Bẹ́árìn ni òrùka irin méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin róbótó-róbótó ń yí láàrin wọn. Òun ni ó gbé ọ̀pá ẹ̀rọ dúró, tí ọ̀pá náà fi ń yí wẹ́rẹ́. Bí ó bá ti jẹ, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, a máa gbóná, a máa gbọ̀n, bó bá sì pẹ́ títí a dúró gbọnin.

Bí ó ti rí fún ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun báyìí. Ó ti gbowó sílẹ̀ láti kan bẹ́ńṣì fún ilé ìwé kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí àwọn ọmọ tó wọlé. Àfi bí ayùn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bú bí ìjì. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ náà fún un sọ pé bẹ́árìn tí ó bá wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ nìkan ni yóò bá a mu, iye tí ó sì dá lé méjì pere fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èrè tí Tíṣà yóò jẹ lórí bẹ́ńṣì náà. Mo ní kí ó tú àwọn ti àtijọ́ jáde, kí a dì wọ́n mọ́ ìwé ìròyìn, ó di Ládípọ̀.

Ìsọ̀ tí a wọ̀ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Páálí kéékèèké ni wọ́n tò láti ilẹ̀ dé òrùlé, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ń gbìyànjú láti ṣàlàyé orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni ìsọ̀ náà kò dúró gbọ́. “Bàbá, ẹ má bínú, kí ni nọ́ńbà rẹ̀?” Ó mú àkísà tí ó ti rẹ sínú kẹrosíìnì, ó nu ara bẹ́árìn náà, nọ́ńbà sì yọ: 6204. Ó na ọwọ́ sókè, ó sì fa páálí mẹ́ta lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Gbogbo ayé ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n bẹ́árìn. 6204 tí wọ́n ṣe ní Sweden, èyí tí wọ́n ṣe ní Japan àti èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, ihò kan náà ni wọn yóò wọ̀: ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 47, ó sì nípọn tó 14. Nọ́ńbà méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń sọ ihò inú. Bí ó bá ti jẹ́ 04 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 04 jẹ́ 20, 05 jẹ́ 25. Àwọn kékeré ni kò tẹ̀lé òfin yìí, nítorí 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 sì jẹ́ 17. Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà dànù, ẹ wọn inú, ẹ wọn ìta, ẹ wọn bí ó ti nípọn, oníṣòwò yóò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ZZ lẹ́yìn nọ́ńbà, páànù ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. 2RS sì ni ti onírọ́bà, òun ni mo fẹ́ràn jù níbi tí eruku igi bá wà.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí a ti wà níbẹ̀, ọmọ kan láti ìsọ̀ kejì sáré gbé òmíràn wá, ó ní owó tòun dín. A gbé e lé ti àtijọ́, ìta wọn dọ́gba, wọ́n nípọn bákan náà. Ṣùgbọ́n 6303 ni, ihò inú rẹ̀ jẹ́ 17, kò sì lè wọ ọ̀pá ayùn láéláé. Ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ́jà láì kọ nọ́ńbà fún un, irú èyí ni yóò gbé délé.

Páálí mẹ́ta tí ó fà lulẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ṣáínà tí kò lórúkọ. Èkejì jẹ́ ti Japan. Ẹ̀kẹta jẹ́ SKF, ilé iṣẹ́ tí Sven Wingquist dá sílẹ̀ ní Göteborg ní Sweden ní 1907, lẹ́yìn tí bẹ́árìn tí ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ti sú u. Orúkọ ńlá ni àwọn ayédèrú ń lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà páálí tó dára kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo nọ́ńbà ara irin bóyá ó mọ́ tàbí ó rí wúruwùru. Ẹ fi ìka di òrùka inú mú, kí ẹ yí ti ìta: kò gbọdọ̀ ha, kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. SKF tilẹ̀ ní ètò kan fún fóònù, SKF Authenticate, tí ènìyàn fi lè ya àwòrán ọjà ránṣẹ́ kí wọ́n wò ó. Àwọn kan nínú ọjà sì ń sọ pé àlòkù ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹrù, n kò gbà á fún ayùn.

Tíṣà fẹ́ ra olówó pọ́ọ́kú mẹ́rin kí ó lè ní ìpamọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì oníná tirẹ̀ ń yí tó nǹkan bí 2,900 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ ènìyàn sì wà nítòsí eyín ayùn. A ra méjì ti Japan fún ẹ́ńjìnnì, a sì ra ti Ṣáínà méjì fún kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó fi ń ti pákó, nítorí ìyẹn kì í yára. Láti 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní ọjà owó, iye kò dúró sójú kan mọ́, nítorí náà n kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí ẹlẹ́rọ àkọ́kọ́ béèrè.

Kí a tó lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pe Tíṣà padà. “Bàbá, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o.” Ó ní àwọn kan a máa fọ tuntun, wọn a sì fọ gírísì inú rẹ̀ dànù. Ó tún ní nígbà tí a bá ń gbá a wọ ọ̀pá, kí a fi páìpù tí ó bá òrùka inú mu lé e kí òòlù tó bà á. Bí a bá gbá òrùka ìta, àwọn ọmọ irin inú ni yóò jìyà rẹ̀, bẹ́árìn tuntun yóò sì máa kùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ má lọ ní ọjọ́ Àìkú, ẹ má sì wọ bàtà funfun lẹ́yìn òjò. Ní ti Tíṣà, mo gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kẹta. Igi ni mo gbọ́ tí ń ké, n kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ńṣì méje ti wà ní ìdúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń fi ìwọ̀n sàmì sí pákó ìkẹjọ.