Kámẹ́rà Àná àti Kámẹ́rà Òní

Kámẹ́rà méjì ló wà ní ọ́fíìsì ìjọ wa níbí ní Jos. Nikon D90 ni ti àtijọ́, ó jáde ní ọdún 2008. Nikon D7500 ni èyí tuntun, ó jáde ní 2017. Ọjọ́ tí a ra tuntun yìí, èmi gan-an ni mo sọ nípàdé ìgbìmọ̀ pé kí a ta ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Kí n má purọ́ fún yín, tuntun ju àtijọ́ lọ. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 12.3 ni D90 ń yà. D7500 ń ya mílíọ̀nù 20.9. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù ni òru ìṣọ́, nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ tó ku àtùpà. Bí ẹ bá gbé ISO dé 3200 lórí D90, àwòrán á rí bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i. Ní 3200 kan náà, ojú èèyàn ṣì mọ́ lórí D7500.

Ti fídíò ńkọ́? D90 ni DSLR àkọ́kọ́ tó ń ya fídíò, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti fẹ̀ dé 720p, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ń yà, á dúró. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò tíì kí ìjọ tán! Ọwọ́ lèèyàn sì fi ń yí lẹ́ǹsì rẹ̀ kí àwòrán má baà ṣú. D7500 ń ya 4K, ó sì ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀.

Ó dáa. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè, èmi ni mo gbé D7500 dání. Ó lè ya fọ́tò mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ tatata. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, mo sì yà wọ́n dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbéyàwó kan dé, káàdì ti kún. Mo rò pé mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ni mo bá pa á rẹ́. N kò kó o. A sì ya ìgbéyàwó lé e lórí, kò ṣeé gbà padà mọ́.

Kò pé oṣù kan tí ìyá fi sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ wọn wá béèrè fọ́tò ijó yẹn. Èyí tí mo rí fún wọn ni ọ̀kan láti ọdún 2011, tí D90 yà. Nígbà náà, káàdì wa kéré, ó ń tètè kún, nítorí náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń kó o kúrò, tí a sì ń tẹ àwọn tó dára sórí bébà. Àkọ́bí wọn gbà á, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ijó yẹn là ń wá." N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀bi kámẹ́rà kọ́, ẹ̀bi mi ni. Ọ̀pọ̀ ló sọ mí di aláìbìkítà. Olúwa wa tó fi ìṣù àkàrà márùn-ún bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, tó sì lè tún ṣe òmíràn, Òun náà ló ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún.

Ní báyìí, a kì í ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìsinmi kí a tó kó fọ́tò sí ibi méjì, kí a sì yan mẹ́ta tí a ó tẹ̀. A kò ta D90 mọ́. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú káàdì kékeré rẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tí fọ́tò àwọn òbí yín wà lórí fóònù nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ọ̀kan sórí bébà lọ́sẹ̀ yìí.