Ọmọ Wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Àlejò Wa ní Ìlútítun

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, níbi ìnáwó òkú kan ní Ìlútítun, ni ìròyìn ti kàn wá pé Kẹ́mi Badenoch ti di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Kọnsáfétífù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ àtíbàbà gba ariwo. "Ọmọ wa ni! Adégòkè ni bàbá rẹ̀!" Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo sì ń ṣàlàyé bí oníròyìn: Wimbledon ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1980, Èkó ni ó dàgbà sí, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó padà sọ́hùn-ún, ó ṣiṣẹ́ ní McDonald's, àwọn ará Saffron Walden sì dìbò yàn án sílé aṣòfin lọ́dún 2017. Ọwọ́ Rishi Sunak ni ó ti gba ipò olórí yìí, ẹni tí ìran tirẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Punjab ní gúúsù Éṣíà.

Ọkùnrin tí ó jókòó tì mí kò pàtẹ́wọ́. Urhobo ni bàbá rẹ̀, ẹyìn ni ó wá kọ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe. (Ìsòbò ni àwọn àgbà wa ṣì ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn fúnra wọn kò fẹ́.) Ìlútítun ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, ó sì gbọ́ Ìkálẹ̀ jù mí lọ. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, bí èmi bá jáde du ipò aṣojú-ṣòfin Òkìtìpupa àti Ìrèlè, ṣé ẹ máa dìbò fún mi?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ó sì ń dùn mí títí di òní.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò dí i lọ́nà. Kí ènìyàn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó tó ọjọ́ orí, kí ó kàwé dé ìwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó béèrè. Kò sí ibi tí ó ti ní kí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀. Àwa ni a fi ìyẹn kún un.

Nínú oṣù Kejìlá, Kẹ́mi bu ẹnu àtẹ́ lu Nàìjíríà, igbákejì Ààrẹ Shettima sì fèsì pé ó lè yọ Kẹ́mi kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó pariwo "ọmọ wa" lọ́jọ́sí tún kún wọn láti bú u. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Essex ni ó ń ṣojú fún, wọn kò sì torí ìlú bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́.

Mo ti dé Ìlútítun lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ọkùnrin náà kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ fún mi ní kẹ́ẹ̀gì epo kan. Kò tún béèrè mọ́. Èmi náà kò sì tíì dá a lóhùn.