Ẹrù Tí N Kò Wọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n bí ará iwájú bá ṣubú, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n.

Olùkọ́ ni mí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́ni, wọ́n kọ́ wa láti máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀: iye ọmọ tí ó wá, iye tí kò wá, àti máàkì tí olúkúlùkù gbà. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, èmi náà ni mo ń kó àwọn ọmọ lọ sí pápá eré. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi, ọmọ ogún ọdún, sọ fún mi pé òun fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà, tí ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n dán wọn wò, mo ní kí ó fi ọkàn balẹ̀, èmi ni n óò sọ ọ́ di akọni.

Mo ti kà nípa àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Royal Marines. Kí ẹnìkan wọn tó lè dé fìlà aláwọ̀ ewé ti kòmándò, ó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, kí ó fi wákàtí 8 la máìlì 30 já lórí ilẹ̀ olókè Dartmoor. Wákàtí 7 péré ni ti àwọn ọ̀gá. Ìtàn yìí wú mi lórí. Mo bu iyanrìn sí àpò, mo gbé e kọ́ àbúrò mi lẹ́yìn. Agogo márùn-ún ìdájí ni à ń jáde. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, n óò fi kún ọ̀nà, n óò sì bu iyanrìn sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ojúgun ọ̀tún ń dùn mí." Mo ní, "Ṣé báyìí ni o ó ti máa sọ fún ọ̀gá rẹ ní bárékè?" Ojú tì í, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó figbe ta. Àwòrán tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn fi hàn pé egungun náà kò ṣẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti sán. Ọjọ́ ìdánwò dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nílé. Ìyá wa kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí ni, èyí sì dùn mí ju èébú lọ.

Sójà àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní eré ìdárayá nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Mo lọ jẹ́wọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Tíṣà, ìwé dà?"

Mo ní, "Ìwé wo, Bàbá?"

"Ìwé tí o kọ ẹrù ọmọ náà sí. Ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé lọ́dọ̀ rẹ, àbúrò rẹ kò ní. Bí ẹ bá sáré tán, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe títí di alẹ́?"

N kò lè fèsì. Lébírà ni àbúrò mi, búlọ́ọ̀kù ni ó ń rù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Èmi ka tèmi nìkan.

Mo wá ìwé kà sí i. Mo rí i pé ní ọdún 1855, Breithaupt, dókítà ọmọ ogun Prussia, kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ẹsẹ̀ wọn wú tí ó sì ń ro wọ́n nítorí ìrìn jíjìn. Ọdún 1897, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun ti dé, ni wọ́n tó rí i pé egungun ẹsẹ̀ ni ó ń sán. Iṣan a máa tètè lágbára. Egungun a máa lọ́ra, ó ń fẹ́ ìsinmi kí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn Royal Marines tí mo ń fara wé pàápàá, ìparí ẹ̀kọ́ tí ó lé ní oṣù méje ni wọ́n ń rin máìlì 30 náà. Èmi gbé ìdánwò àṣekágbá ka iwájú ọmọ kíláàsì kìíní!

Ọ̀nà láti wọn ẹrù náà kò le. Carl Foster, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2001, àwọn tí ń tọ́jú ọmọ ogun náà sì ti lò ó. Bí iṣẹ́ bá parí tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bi ẹni tí ó ṣe é pé báwo ni ó ti le tó, láti 0 dé 10. Òdo ni ìsinmi. Mẹ́wàá ni ibi tí agbára parí sí. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Eré ìṣẹ́jú 30 tí ó pè ní 4 jẹ́ 120. Ọ̀nà kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, bí ó bá gbé iyanrìn tí ó sì pè é ní 8, ó di 240. Ẹ ro ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí ó má ṣe fò sókè lójijì, kí ọjọ́ tí ó fúyẹ́ sì wà láàárín àwọn tí ó le.

Nígbà tí dókítà yọ̀ǹda fún àbúrò mi láti tún sáré, mo ra ìwé, mo fa ìlà sí i, mo sì ya ojú kan sọ́tọ̀ fún búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n "mẹ́ta" ni ó ń pè lójoojúmọ́, bí òógùn tilẹ̀ bò ó. Mo mọ ìdí rẹ̀: èmi ni mo fi í ṣẹ̀sín nígbà tí ó sọ òtítọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá purọ́ fún mi, òfo ni ìwé yìí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ó wò mí lójú, ó ní, "Mẹ́sàn-án ni o, Bọ̀ọ̀dá. Búlọ́ọ̀kù àná ṣì wà lára mi." Mo kọ 360 sílẹ̀. Ní ojú ọjọ́ kejì mo kọ "ìsinmi", a sì jókòó nílé, a jẹ àkàrà pẹ̀lú ìyá wa.

Ìdánwò mìíràn ń bọ̀. Bóyá wọn ó mú un, Ọlọ́run ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní eré, tàbí tí ẹ ń mú wọn gbára dì fún iṣẹ́ ogun, ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó. Ẹ bi í, ẹ gba èsì rẹ̀ gbọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.