Kásẹ́ẹ̀tì Olè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín.

Lẹ́yìn tí Ogunde gbé Aiyé jáde ní 1979, tí èrò ń ya lọ wò ó, àbúrò bàbá mi yáwó, òun náà ṣe sinimá kan. Òun gan-an ló ṣe olórí eré. Òun náà ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí fídíò dé, a ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe é sí kásẹ́ẹ̀tì." Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹnì kan á ra ẹyọ kan, á dà á kọ sí ogún. Kí lèmi ó jẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ní 1986, náírà já wálẹ̀, òkè òkun la sì ti ń fọ fíìmù. Bọ̀dá ò lè ṣe òmíràn mọ́. Èyí tó ṣe wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ooru bà á jẹ́, ó ń rùn bí ọtí kíkan.

Lọ́jọ́ kan, mo rí sinimá náà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹnì kan ti jí i yà nínú gbọ̀ngàn; orí àwọn òǹwòran ń kọjá níwájú àwòrán. Mo rà á. N ò sọ fún Bọ̀dá títí ó fi kú.

Nígbà ìsìnkú rẹ̀, a gbé e sẹ́rọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí baba wọn lọ́dọ̀ọ́, ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i?"

N ò lè dáhùn. Olè tó jẹ Bọ̀dá run ló bá wa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n ṣépè fún un ni, àbí kí n dúpẹ́?