Kí Ni Ẹ Ń Fi Wọ́n Ṣe?

Ohun ọ̀sìn kì í jókòó lásán ní ilẹ̀ Yorùbá. Adìyẹ ń yé ẹyin, bí àlejò bá sì dé lójijì, òun náà ni ọbẹ̀. Ewúrẹ́ ni àpótí owó àwọn obìnrin ilé. Ajá ń bá ọdẹ lọ sí igbó, ológbò ń pa eku, ẹyẹlé pàápàá ní ọjọ́ tí a óò fi í ṣètùtù. Nítorí náà, bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ohun tí a kò lè jẹ, tí a kò lè tà, tí kò sì lè gbó mọ́ olè, ìbéèrè kan náà ni tọmọdé tàgbà yóò máa bi í: kí ni ẹ ń fi í ṣe?

Kòkòrò kò tilẹ̀ sí lára ohun tí a kà sí ọ̀sìn. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti ń fi òwú sányán hun aṣọ, ara ilé tí kòkòrò kan ń kọ́ sórí igi ni a sì ti ń rí òwú náà. Ṣùgbọ́n inú igbó ni a ti ń ṣa á. A kò sin kòkòrò rẹ̀. Oyin náà, ìkòkò ni a ń gbé fún un, tí a óò sì máa retí pé kí ó wá fúnra rẹ̀.

Èmi ń sin agbàdúrà ní Ìlerò. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ṣe é. Agbàdúrà ni mo ń pe kòkòrò gbọọrọ aláwọ̀ ewé nì, tí ó máa ń ká apá rẹ̀ méjèèjì sí àyà, tí yóò yí orí onígun mẹ́ta rẹ̀, tí yóò sì máa wo ènìyàn bí ẹni tí ó fẹ́ béèrè nǹkan. Kò sí ẹni tí ó dàgbà sí Òkè-Ògùn tí kò rí i rí, ìbáà jẹ́ lórí ewé ẹ̀gẹ́, lára ẹ̀ka ẹ̀mí, tàbí lára ògiri lábẹ́ iná lóru. Èyí tí mo ń sìn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Sphodromantis lineola. Ó tó ìka àárín ní gígùn, àmì kékeré tí ó mọ́ sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀.

Ojú tí àwọn ènìyàn fi wò ó kò dọ́gba. Àwọn Gíríìkì pè é ní mantis, èyí tí ó túmọ̀ sí aríran. Lójú tiwọn, ẹgbẹ́ babaláwo ni. Àwọn Òyìnbó tí ó dé lẹ́yìn wọn wo apá kan náà, wọ́n ní àdúrà ni ó ń gbà. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn San tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn wọn sílẹ̀ ní Cape Town láti ọdún 1870 ní ẹni àrà kan tí ń jẹ́ |Kaggen. Ó gbọ́n ẹ̀wẹ́ bí Ìjàpá, síbẹ̀ ó ní agbára bí òrìṣà, a sì máa gbé àwọ̀ agbàdúrà wọ̀ nígbà mìíràn. Bí a bá ní kí n yàn, ti àwọn San ni n óò mú. Ẹni tí ó bá fi tata kan sí iwájú kòkòrò yìí yóò mọ̀ pé kò sí àdúrà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gún ni ó tò sí inú apá náà bí eyín ayùn, kí a sì tó ṣẹ́jú, tata ti há.

Sísìn rẹ̀ kò gba owó, sùúrù ni ó ń gbà. Àpótí onípákó tí mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ojú rẹ̀ ni ilé wọn. Abo a máa da ìfófòó kan sára igi, ẹyin yóò wà nínú rẹ̀, ìfófòó náà yóò sì gan bí ọṣẹ tí oòrùn pa. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ tí ó lé ní 100 lè jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọn yóò rọ̀ sórí okùn tín-ín-rín bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni ó gbé wọn dání. Mo máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà sínú àpótí, kí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fò yí i ká lè di oúnjẹ fún wọn. Omi kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, ìwọ̀nba tí a bá wọ́n sára àwọ̀n ni wọn yóò lá. Bí ọmọ bá ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì, kí olúkúlùkù wọn máa dá gbé, nítorí pé ebi kò jẹ́ kí wọ́n mọ ọmọ ìyá.

Bíbọ́ awọ ni ìgbà ìṣòro. Agbàdúrà yóò fi ẹsẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ yóò dojú kọ ilẹ̀, yóò sì máa yọ́ jáde nínú awọ rẹ̀ àtijọ́ díẹ̀díẹ̀. Àyè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọdọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀. Bí ọwọ́ ènìyàn bá kàn án ní wákàtí náà, tí ó bá já bọ́, arọ ni yóò jẹ́ títí tí yóò fi kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo, kí ó ka ìlà ìsàlẹ̀ ikùn wọn: mẹ́jọ ni ti akọ, mẹ́fà ni ti abo.

Gbogbo ayé ti gbọ́ pé abo a máa pa ọkọ rẹ̀ jẹ, àwọn ọkùnrin àdúgbò mi sì fẹ́ràn ìtàn náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí mo rí ni pé abo tí ó yó kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. N ó bọ́ ọ ní tata fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó jẹ́ kí akọ súnmọ́ ọn.

Ìgbà tí àpótí wà nínú yàrá ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tí ó jù mí lọ wọlé wá lálẹ́, ó jókòó, ó ní, “Tíṣà, kí lo ń fi wọ́n ṣe gan-an? Má fi pamọ́ fún mi.” Oògùn ni ó ní lọ́kàn. Òbí kan sì ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ sí àgbàlá mi mọ́. Ìdáhùn tí ó rọrùn wà nílẹ̀: kí n sọ pé ó ń pa kòkòrò tí ń ba oko jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta ẹyin irú kan fún àwọn olùṣọ́gbà nítorí èyí. Irú náà ti Ṣáínà wá, wọ́n sì kọ́kọ́ rí i lẹ́bàá Philadelphia ní ọdún 1896. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò dá mi lójú. Agbàdúrà kì í ya ọ̀tá sọ́tọ̀. Bí ó ti ń jẹ tata, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ oyin àti labalábá. Mo sọ fún Bàbá pé mò ń wò wọ́n ni. Ó ní, “Wíwò lásán?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi kò gbà pé wíwò lásán jẹ́ àṣà àjèjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí oníjàálá ṣe ń ki ẹranko, bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń yí ọrùn, yóò mọ̀ pé ọdẹ kan ti jókòó pẹ́ kí ó tó ta ọfà. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n wá jókòó ti kòkòrò wa báyìí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pé àwọn fi ìda oyin lẹ awò kékeré mọ́ ojú Sphodromantis lineola yìí gan-an, àwọ̀ ewé ní ojú kan, búlúù ní èkejì, tí àwọn sì fi àwòrán hàn án. Wọ́n fi hàn pé ojú méjèèjì ni ó ń fi díwọ̀n bí ẹran rẹ̀ ti jìnnà tó. Ọmọ koríko wa ń wọ awò ní ìlú Òyìnbó, àwa sì ń béèrè bóyá oògùn ni.

Mo gbé àwọn àpótí náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí ẹni tí ń kọjá lè rí wọn. N kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà, lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá wọn, tí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀. Ọmọ tí wọ́n kìlọ̀ fún nì kò tíì wá. Bàbá ní tirẹ̀ máa ń dúró ti àpótí kẹta nírọ̀lẹ́, kì í sì béèrè ohun tí mo ń fi wọ́n ṣe mọ́. Ó ń béèrè èyí tí ó fẹ́ bọ́ awọ.

Agbàdúrà ń dínkù nínú oko mi. Ibi tí a bá ti fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà, ó ń pẹ́ kí n tó tún rí ọ̀kan níbẹ̀. Iná ẹ̀ẹ̀rùn ní tirẹ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: àwọn kan nínú àwọn agbàdúrà ọ̀dàn Áfíríkà a máa di dúdú lẹ́yìn tí iná bá jó koríko, kí ẹyẹ má baà rí wọn lórí eérú. Ṣùgbọ́n ẹyin kò lè sá. Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó mú, èmi àti àwọn ọmọ a máa rìn yí etí oko ká láti ṣẹ́ igi tí ẹyin bá wà lára rẹ̀. Mẹ́wàá ni a rí ní ọdún tí ó kọjá. Mo so mẹ́fà mọ́ ẹ̀ka ẹ̀mí kan lẹ́bàá odò, níbi tí iná kì í dé, mo sì gbé mẹ́rin wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.