Festac Town: Ilé Àlejò Tó Di Ilé Onílé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Festac Town, orúkọ ló ṣáájú ilé. Àjọ̀dún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún lórúkọ, kí wọ́n tó wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ibùwọ̀ àwọn àlejò rẹ̀ sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ èrò tó ń sọ̀kalẹ̀ ní First Gate tàbí Second Gate, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ni kò mọ̀ pé orúkọ àjọ̀dún ló wà lẹ́nu wọn.

FESTAC ni àpéjọ kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé. Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ lọ́dún 1966. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè. Owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì. Wọ́n kọ́ National Theatre sí Igànmú fún ìran wíwò, wọ́n sì kọ́ odidi ìlú sórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, nítòsí Mile 2, fún oorun sísùn.

Ilé tó lé ní 5,000 ni wọ́n ṣètò fún àlejò tó lé ní 15,000. Ní ibòmíràn l'Ékòó, orúkọ onílẹ̀, olóyè tàbí olóṣèlú ni òpópónà ń jẹ́. Ní Festac, nọ́ńbà ni: First Avenue títí dé Seventh Avenue, 22 Road, 41 Road, lẹ́yìn náà àwọn close tí wọ́n fi lẹ́tà pè. Kò sí orúkọ ọba níbẹ̀, kò sí ti ọlọ́lá. Ẹni tó bá ti lè kà á, yóò dé ilé tó ń lọ.

Gilberto Gil, olórin ilẹ̀ Brazil, wà lára àwọn tó wá. Nígbà tó padà délé, ó gbé àwo orin Refavela jáde lọ́dún 1977 kan náà. Ó ṣàlàyé pé àwọn ilé tí ìjọba kọ́ l'Ékòó rán òun létí èyí tí wọ́n kọ́ ní Rio de Janeiro fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní àdúgbò tálákà. Ohun tí Nàìjíríà fi ń yangàn, àlejò rí ojú àwọn ará ilé rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ìlù dákẹ́, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn ilé náà, wọ́n sì pín wọn fún àwọn tí orí bá ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó àti Ìbíbíò ṣe bá ara wọn nínú close kan náà, láìjẹ́ ọmọ ìyá, láìjẹ́ ará ìlú kan. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ èdè mẹ́ta kó tó mọ ìwé kà.

Àwọn ni wọ́n sọ ibùwọ̀ di ilé. Nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, wọ́n gbẹ́ kànga. Nígbà tí owó oṣù kò tó ná mọ́, ṣọ́ọ̀bù yọjú níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ pọ̀, yàrá kún yàrá. Àwọn kan ń pe èyí ní ìbàjẹ́, wọn kò sì jayò pa, nítorí ojú àgbàrá tí a kọ́lé dí yóò gba ẹ̀san rẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ṣùgbọ́n nínú àfikún wọ̀nyí náà ni ìtàn wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò rí ọdún tí nǹkan rọrùn àti ọdún tí nǹkan le lára ògiri kan ṣoṣo.

Ní òpin ọ̀nà yìí kan náà, ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí lọ́dún 1845 ṣì dúró, àwọn èèyàn sì ń wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ìtàn rẹ̀ kò sọnù nítorí pé àwọn kan ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá wọlé. Ní Festac, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà àjọ̀dún ti kọjá àádọ́rin ọdún dáadáa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti lọ, wọ́n á pín ilé, wọ́n á tà á, ẹni tó rà á á sì wó o. Òun ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ sùn nínú yàrá wo, àti ọdún tí omi kọ́kọ́ dáwọ́ dúró.

Iṣẹ́ ìjọba kọ́ ni èyí nìkan. Foonu wà lọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kí wọ́n jókòó ti bàbá, kí wọ́n jókòó ti màmá, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilé náà kí bíríkìlà tó dé. Ilé tí kò ní òpìtàn, bí ó tilẹ̀ dúró, ó ti ń wó.